Ìlú wo ni kó ṣáájú? Bí a ṣe ń to ìrìn àjò ọkọ̀ ojú irin fún ẹbí láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin, Abẹ́òkúta la kọ́kọ́ dé. A sùn níbẹ̀, a wá gba Èkó lọ. Gbogbo rẹ̀ dùn títí di ọjọ́ tí a fẹ́ padà. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la wọ̀ láti Èkó, ó sì pẹ́ kó tó gbéra. Nígbà tí a máa fi dé Móníyà, téṣàn Ìbàdàn, ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, àbíkẹ́yìn mi ti sùn lọ lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ Màmá sì ti wú. Ilé àbúrò ìyá mi ní Òjóò la sùn mọ́jú, a kò sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé à ń bọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ìlú kan náà la lọ, ọkọ̀ kan náà la wọ̀. Ohun tí a yí padà ni èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá fúnra wọn ló kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí a tún máa lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ bí mo ṣe ń to ọ̀nà náà sílẹ̀ fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó bá fẹ́ kó ẹbí jáde nígbà ìsinmi iléèwé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí irin gbà

Irin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí rélùwéè àtijọ́ dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, apá Òṣogbo ni wọ́n gbé e gbà: Òṣogbo, Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìlọrin, kó tó kọjá sí Òkè Ọya. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò kàn wọ́n. Bàbá mi máa ń sọ pé Ìlọrin ni àwọn ti ń lọ wọ̀ ọ́ nígbà èwe wọn.

Èyí tí mò ń sọ ni tuntun, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021. Kìlómítà 157 ni, láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní Èkó dé Móníyà ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ, àwọn téṣàn tó wà lójú ọ̀nà ni Móníyà, Omi-Àdìó, Olódò, Abẹ́òkúta, Pápáláńtò, Kájọlà, Agbádó, Agége, kí ẹ tó dé Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró ní gbogbo wọn, nítorí náà ẹ wò ó lórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ka orúkọ tó wà lára téṣàn kọ̀ọ̀kan. Ti Móníyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ní Omi-Àdìó, ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa, tí yunifásítì wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo àgbàlagbà ilé wa ló sì mọ ohun tó da àárín wọn rú. Ní Pápáláńtò, orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ẹ máa rí, ní Abẹ́òkúta, Wọlé Ṣóyínká. Ọmọ tó bá lè kàwé kò ní sùn lójú ọ̀nà yẹn.

Ohun tó dára fún wa ni pé Móníyà wà lójú ọ̀nà tiwa. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ á kàn án kó tó dé Òjóò, kò ní wọ inú ìgboro Ìbàdàn rárá. Àwọn ará Ìbàdàn tó ń gbé ní Challenge ní ìyọnu láti dé ibẹ̀ ju ará Ọ̀yọ́ lọ.

Ẹ ya ọ̀nà náà sórí ìwé

Ìrìn àjò ní ìrísí. Òmíràn rí róbótó bí ẹnu ìkòkò: ẹ jáde láti apá kan, ẹ yí po, ẹ wọlé láti apá kejì, ẹ kò sì gba ibì kan lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn gùn gbọọrọ bí orógùn: ọ̀nà tí ẹ bá lọ náà lẹ máa bọ̀. Tiwa yìí, orógùn ni. Ilé wa wà ní orí kan, Èkó wà ní orí kejì, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wà láàárín.

Lórí orógùn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kọjá lára ìlú àárín kọ̀ọ̀kan, lílọ àti bíbọ̀. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé èwo la máa dúró sí nígbà tí à ń lọ, èwo la máa dúró sí nígbà tí à ń bọ̀.

Ìdáhùn tèmi, lẹ́yìn tí mo ti ṣe é lọ́nà méjèèjì: ẹ kọjá gbogbo wọn nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ lọ bá ìdí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa dúró bí ẹ ṣe ń bọ̀ wálé. Èkó ṣáájú, Abẹ́òkúta tẹ̀ lé e, Ìbàdàn kẹ́yìn.

Èkó ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ariwo rẹ̀, oòrùn rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń jẹ agbára ọmọdé àti àgbàlagbà. Ó yẹ kí ẹ bá a nígbà tí ara ṣì le tí owó sì ṣì wà lápò. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ kẹrin la wọ Èkó. Àkọ́bí mi, tó ti ń ka ọjọ́ tí òun máa rí òkun, jókòó sínú yàrá, ó ní òun kò jáde mọ́.

Bí ọ̀nà ìpadàbọ̀ bá sì ti gé sí wẹ́wẹ́, kì í pa ènìyàn. Láti Èkó wá sí Abẹ́òkúta kò gùn. Láti Abẹ́òkúta dé Móníyà, ẹ ò tíì jẹun tán kí ẹ tó dé. Èyí tó kù ni ojú títì, ẹ sì máa ti sùn kí ẹ tó gbà á.

Ìdí tí mo kà sí jù lọ rèé: bí nǹkan bá yí, kí ó yí nígbà tí ẹ ti ń sún mọ́ ilé. Ibà ọmọdé kì í sọ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá mú ọmọ yín ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ lè fi Ìbàdàn sílẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí Èkó bá jẹ́ ìgbẹ̀yìn, ibi tó jìnnà jù lọ ni àárẹ̀ ọjọ́ márùn-ún máa ká yín mọ́.

Ẹrù náà ńkọ́? Àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni gbogbo obìnrin ilé wa máa ń fẹ́ rà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ẹ máa gbé e lọ sí Èkó, ẹ máa tún gbé e bọ̀. Ọjà tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa rà púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ìlú rẹ̀ sún mọ́ ìparí.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀

Bí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́ tí kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí, tàbí àgbàlagbà tí ẹ kò mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa gbà á, ẹ dúró ní Abẹ́òkúta nígbà tí ẹ ń lọ. Ọ̀nà kúkúrú yẹn á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ pé ọjà Balógun ni olórí ohun tí ẹ torí rẹ̀ jáde, Èkó ni kó kẹ́yìn, kí ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà tààrà pẹ̀lú ẹrù yín. Ẹ má sì dúró níbì kankan.

Nígbà mìíràn, ọjọ́ kan wà tí kò ṣeé yí padà: ìgbéyàwó ẹbí ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìsọmọlórúkọ ní Agége, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni òpó ilé. Ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn sórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ wá to àwọn ìlú yòókù yí i ká, kódà bí kò bá bá orógùn mi mu. Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí Jímọ́ọ̀ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bákan náà, ẹ wo Àbámẹ́ta tó parí oṣù. Ọjọ́ ìmọ́tótó ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, ọkọ̀ kì í sì rìn lówùúrọ̀ títí tí aago ìmọ́tótó bá fi kọjá. Ó ti bá èmi rí pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìrìn yín bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ Ẹtì tàbí ìrọ̀lẹ́ Àìkú bí ẹ bá lè ṣe é. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí ilé wọn wà ní Ìbàdàn ló máa ń kún inú ọkọ̀ nígbà yẹn, àga mẹ́fà tó wà pa pọ̀ sì máa ń ṣòro rí.

Ẹ ka wákàtí láti ẹnu ọ̀nà ilé dé orí ibùsùn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìṣe. Wọ́n á gbọ́ pé nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ ni Móníyà sí Èkó, wọ́n á rò pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti di ti àwọn. Ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, Ọ̀yọ́ sì wà ní nǹkan bí àárín rẹ̀. Láti Tàkíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé Móníyà, èmi kì í ka ohun tó dín sí wákàtí méjì ààbọ̀, nítorí àwọn tírélà tó kún ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ojú títì Móníyà, ẹ tún máa wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà tàbí Micra dé téṣàn. Ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bíi wákàtí kan ṣáájú, torí pé wọ́n máa ń yẹ ẹrù wò, ọmọdé á sì fẹ́ tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wákàtí méjì ààbọ̀ lórí irin. Bí ẹ bá sọ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹ tún fi wákàtí kan tàbí méjì kún un kí ẹ tó dé ibi tí ẹ máa sùn. Odindi ọjọ́ kan nìyẹn. Ẹ má fi nǹkan mìíràn sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lọ láàárọ̀ àti èyí tó ń lọ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n aago wọn máa ń yí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹnìkan sọ fún yín lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọkọ̀ àárọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ máa kúrò nílé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, lórí ọ̀nà tí tírélà ń sáré. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ sùn ní Òjóò tàbí Móníyà, kí ẹ jí pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ lè gbìyànjú àárọ̀ yẹn láti ilé, bí ọkọ̀ wọn bá dá wọn lójú.

Ibi tí ẹ máa sùn

Òfin kan péré ni mo ní: alẹ́ tí ẹ máa lò kẹ́yìn ní ìlú kan, ẹ sùn sún mọ́ téṣàn. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń gbé ní Lẹ́kí, tó sì fẹ́ kí ẹ sùn lọ́dọ̀ òun, ẹ dúpẹ́, ẹ lo alẹ́ méjì àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí ẹ padà sí Yábàá, Sùúrùlérè tàbí Ẹ̀búté-Mẹ́ta fún alẹ́ kẹta. Afárá Èkó láàárọ̀ kò mọ̀ pé ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ilé tí ẹ ń lọ bá wà ní Agége tàbí Ìjú, ẹ má dé Ẹ̀búté-Mẹ́ta rárá. Ẹ sọ̀ ní téṣàn Agége. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin pupa ti ìjọba Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024 láti Agbádó dé Oyíngbò, á gbé yín lọ sí Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣìn tàbí Yábàá láìwọ dáńfó. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ ra káàdì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ sì fi owó sí i.

Ní Abẹ́òkúta, téṣàn wà ní Láderin, kò sún mọ́ Olúmọ. Ẹ bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ tó máa gbé yín lọ tí á sì padà wá gbé yín lọ́jọ́ kejì, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀.

Bí a ṣe tò ó lọ́dún kejì

Ọjọ́ Ajé. A jẹ ọkà lówùúrọ̀, bí wọ́n ṣe ń ki Ògbómọ̀ṣọ́, kí a tó kúrò nílé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. A dúró ní Ọ̀yọ́ láti wo àwọn tó ń fín igbá, torí pé àbíkẹ́yìn mi fẹ́ràn kó máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi. A wọ Òjóò kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, a sùn. Lọ́tẹ̀ yìí, a ti pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ àárọ̀ sí Èkó. Nígbà tí a dé ibùwọ̀, a wẹ̀, a jẹun, a sùn. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kí a jáde ní ìrọ̀lẹ́, èmi kọ̀, mo sì tún máa kọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá sinmi lọ́jọ́ tó dé ìlú ló máa ń rìn dáadáa ní ọjọ́ méjì tó kù.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí wọ́n ṣì ń sọ dòní. A lọ sí Mile 2, a wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ aró, èyí tó ń fi iná mànàmáná rìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Téṣàn márùn-ún péré ni, kìlómítà 13, ṣùgbọ́n kó tó dé Marina, orí omi ló gbà. Màmá di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, wọ́n ń wo ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi dúró. Láti Marina, a lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, kò jìnnà. Ìrìn àjò tó kún fún ọkọ̀ ojú irin, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ wà fún ìgbádùn nìkan, láìsí ẹrù, láìsí ibi tí ẹ ń sáré bá.

Ọjọ́bọ̀. Lẹ́kí, ibi ìdáàbòbò igbó tó ní afárá tí wọ́n so mọ́ òkè igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Àwọn ọmọ gùn ún, Màmá jókòó nísàlẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀bọ. Kí aago mẹ́ta tó lù, a ti kọrí sí Yábàá. Bí ẹ bá jẹ́ kí aago márùn-ún bá yín ní Lẹ́kí, alẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Ìrọ̀lẹ́ náà la fọ aṣọ, torí pé ó bọ́ sí àárín ìrìn àjò gẹ́lẹ́. Ẹ wo ibi tí àárín tiyín bọ́ sí, kí ẹ rí i pé ilé tí ẹ ti lè fọṣọ ni ẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Báàgì yín á fúyẹ́ ní ìdajì.

Ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ àárọ̀ sí Abẹ́òkúta. A gbé ẹrù sí hòtẹ́ẹ̀lì, a sinmi, a lọ sí Ìtòkú ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. A kò gun Olúmọ lọ́jọ́ yẹn. Òkúta kì í ṣe ohun tí a ń gùn lẹ́yìn ìrìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Olúmọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí òkúta tó gbóná. Àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ agbéniròkè náà wà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ní ẹnu ọ̀nà bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ṣèlérí fún àgbàlagbà. Àwọn ọmọ rí ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, wọ́n sì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó mú wa káàkiri. Ẹni tó bá ní àyè lè fi ọgbà ẹranko tó wà ní ilé ìkàwé Ọbásanjọ́ kún un. Ìrọ̀lẹ́, a wọ ọkọ̀ sí Móníyà, a sì tún sùn ní Òjóò.

Ọjọ́ Àìkú. Ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Mo yàn án nítorí pé kò jìnnà sí Òjóò, a kò ní wọ ìgboro. Mápó àti ilé ìṣọ́ Láyípo dára, ṣùgbọ́n èmi fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a bá dìídì wá Ìbàdàn. Kí aago méjì ọ̀sán tó kọjá, a ti wà nínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ láti Òjóò. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a dé Tàkíè.

Ẹni tó bá ní mọ́tò tirẹ̀, tó sì ní ẹni tí á wà á dé Èkó pàdé wọn, lè sọ orógùn yìí di róbótó: kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin lọ, kí wọ́n gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ifẹ̀ àti Òṣogbo bọ̀, kí wọ́n sì gba ọ̀nà Ìlobùú wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ojú títì ni gbogbo bíbọ̀ yẹn.

Àwọn tó fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé a kò lè fi Àbújá kún un. Irin Àbújá sí Kàdúná, tí wọ́n ṣí ní 2016, àti ti Ìtákpè sí Wàrì, tí wọ́n ṣí ní 2020, kò so mọ́ ti Èkó sí Ìbàdàn níbì kankan. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ kà wọ́n sí ìrìn àjò ọ̀tọ̀.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní London, tí wọ́n fẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin yí Yúróòpù ká, ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ló máa to ìlú fún wọn. London kò sí nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan náà ń wọ̀. Bí físà Schengen yín bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹ sì lọ sí Paris, tí ẹ padà sí London, físà yẹn ti parí, ẹ kò lè fi wọ Brussels mọ́. Nítorí náà London gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, kó má ṣe wà láàárín láéláé. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù sí ni ẹ máa lọ tọrọ físà lọ́wọ́ rẹ̀; bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Bí ẹ bá yí ètò ìlú padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù, ẹ lè rí i pé ilé aṣojú ìjọba mìíràn ló yẹ kí ẹ lọ.

Ọ̀nà wọn lọ́hùn-ún ṣeé sọ di róbótó, torí pé bàlúù lè gbé yín sọ̀ ní ìlú kan kó sì gbé yín láti òmíràn. Ẹ lè wọ London, kí ẹ gba abẹ́ òkun dé Paris ní nǹkan bí wákàtí méjì ó lé díẹ̀, kí ẹ lọ sí Brussels, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí Amsterdam, láìpadà sẹ́yìn. Ní St Pancras ní London, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò kí ẹ tó wọkọ̀, fún ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, ẹ tètè dé. Paris ní ju téṣàn ńlá kan lọ. Gare du Nord ni ẹ máa sọ̀ sí láti London, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa wọ ti Brussels. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Lyon tàbí Marseille kún un, Gare de Lyon ni, ní apá mìíràn nínú ìlú náà. Pẹ̀lú ọmọ àti báàgì, ẹ ka wákàtí kan ààbọ̀ fún pípààrọ̀ téṣàn yẹn nìkan.

Tíkẹ́ẹ̀tì èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Fún ọ̀nà tiwa níbí, mẹ́ta ni tíkẹ́ẹ̀tì yín: Móníyà sí Èkó, Èkó sí Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta sí Móníyà. Ẹ má ra Móníyà sí Èkó kí ẹ rò pé ẹ lè sọ̀ lójú ọ̀nà kí ẹ tún wọ òmíràn lọ́jọ́ kejì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìpadàbọ̀, torí pé òun ló ń gbé yín kúrò nílé olóore. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bóyá àyè wà, lẹ́yìn náà ti Èkó sí Abẹ́òkúta, kí ẹ tó wá ra ti lílọ. Bí ti ìpadàbọ̀ bá ti kún lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́, gbogbo ètò ló máa sún, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n kí owó tó jáde.

Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan dání, kí ẹ fi orúkọ tó wà lórí rẹ̀ gan-an ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìpele mẹ́ta ni àga, àwa máa ń jókòó sí ti èrò púpọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà. Màmá la máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí wọ́n lè na ẹsẹ̀, ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ẹ bá ti rà á tán, ẹ fi fóònù ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ránṣẹ́ sí àgbàlagbà kejì tó ń bá yín lọ, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà kan sórí ìwé sínú báàgì ọmọ. Bí iná fóònù yín bá kú ní Láderin, ẹ ṣì máa rí nǹkan fi han ẹni tó wà lẹ́nu géètì.